Ohun tí A Dà Nù àti Ọmọnìkejì Wa



Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí á jọ fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ènìyàn bá da ohun olóró sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tí kò ní in lọ́kàn láti pa ẹnikẹ́ni lára, tí kò tilẹ̀ mọ ẹni tí oró náà yóò kàn, ǹjẹ́ ó ṣẹ̀ bí? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni yóò dáhùn kíá pé kò ṣẹ̀. Ẹ̀yin náà sì ti kọ́ ọ nínú ẹ̀kọ́ yín pé ohun mẹ́ta ni ó ń sọ ẹ̀ṣẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ikú: kí ọ̀ràn náà wúwo, kí ẹni tí ó dá a mọ̀ pé ó wúwo, kí ó sì fi ọkàn ara rẹ̀ gbà láti dá a. Ẹni tí ó ju òkúta tọ́ọ̀ṣì tí ó ti kú sínú igbó kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì ro ibi sí ẹnikẹ́ni. Báwo ni a ó ṣe pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀?

Òtítọ́ wà nínú ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n kò parí ọ̀rọ̀. Àìmọ̀ lè gba ẹni tí ó da oró nù lọ́wọ́ ẹ̀bi. Kò lè gba ọmọ tí ó mu oró náà lọ́wọ́ ikú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀ kò ní dúró lórí pé òun kò mọ̀. Yóò wá ọ̀nà láti mọ̀.

Ààtàn àwọn bàbá wa

Ní ayé àwọn bàbá wa, ohun tí à ń gbá jọ nínú ilé ní òwúrọ̀ kò ju èèpo iṣu, háhá àgbàdo, ewé ẹ̀kọ, èèpo ẹ̀kùrọ́ àti eérú inú ààrò lọ. A kó o lọ sí ààtàn. Òjò rọ̀ sí i, ó jẹrà, ilẹ̀ gbà á, ó sì sọ ọ́ di oúnjẹ fún ohun ọ̀gbìn. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé orí ààtàn ni ìbẹ́pẹ, tòmátì àti ẹ̀fọ́ ti máa ń hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n? Ilẹ̀ mọ ohun tí yóò fi irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ṣe. Ohun tí a dà nù ní ìgbà náà, ó nù lóòótọ́.

Àwọn àgbà sì fi òwe kọ́ wa pé ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Òwe náà dára. Ó ń sọ fún wa pé afẹ́fẹ́ yóò gbé ohun tí a dà padà sí ojú wa, pé ẹni tí ó bá hùwà àìbìkítà, òun náà ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ilé kan lónìí ní Ahoyéyé, ní Pobè tàbí ní Sakété. Òkúta tọ́ọ̀ṣì àti òkúta rédíò tí ó ti kú wà lábẹ́ ibùsùn. Bátìrì alùpùpù tí kò gba iná mọ́ wà ní igun ilé. Ìgò oògùn tí a fi ń pa kòkòrò inú ẹ̀wà wà ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, gálọ́ọ̀nù oògùn tí a fi ń pa koríko sì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Májèlé eku wà, oògùn ilé ìwòsàn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá wà, epo dúdú tí a yọ nínú ẹ́ńjìnì wà nínú ike. Nígbà tí a bá gbálẹ̀, gbogbo wọn ń tẹ̀ lé háhá àgbàdo lọ sí ààtàn kan náà.

Kí ni ó wà nínú wọn? Nínú bátìrì ọkọ̀ àti ti alùpùpù ni òjé wà, pẹ̀lú omi kíkan tí ń jó awọ ara. Nínú àwọn bátìrì kéékèèké kan, pàápàá àwọn ti àtijọ́, àti nínú gílóòbù gígùn tí ń tàn funfun, ni mẹ́kúrì wà, irin ṣíṣàn nì tí ń dán bí fàdákà. Oògùn kòkòrò ní tirẹ̀, láti pa ohun ẹlẹ́mìí ni a ṣe ṣe é. Òjé kì í jẹrà. Iná kì í jẹ ẹ́ run. Bí a bá sun ún, yóò di èéfín àti eruku tí yóò bà sí àgbàlá, sí ara ata àti ẹ̀gẹ́ tí a sá sí oòrùn. Bí ó ti wà ní ọjọ́ tí a dà á ni yóò wà nígbà tí ọmọ ọmọ wa bá dàgbà.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín pàápàá kò lè dènà rẹ̀. Lórí òkè Sakété àti ti Pobè, ilẹ̀ pupa ni ó pọ̀. Omi òjò ń wọ inú rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí omi kànga ti ń wá. Ní ilẹ̀ kòtò àwọn Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ dúdú ni. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń sán, ó sì ń la ẹnu tí ọwọ́ ènìyàn lè wọ̀. Ní àkókò òjò, omi máa ń dúró lé e lórí. Ohun tí a bá dà sí i ní oṣù Kejì yóò gba ojú ibi tí ó sán wọlé lọ. Ohun tí a bá dà sí i ní oṣù Kẹfà yóò bá omi lọ sí oko ẹlòmíràn.

Nítorí náà, òwe àwọn àgbà nìkan kò tó wa mọ́. Eérú òde òní kì í sábà tọ ẹni tí ó dà á. Ọmọ tí ń rákòrò ni ó ń tọ̀, aboyún tí ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ ni ó ń tọ̀, ẹni tí a kò tíì bí ni ó ń tọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni ìyà yóò jẹ, ìmọtara-ẹni-nìkan pàápàá ì bá kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ìyà yóò jẹ, ìfẹ́ nìkan ni ó lè kọ́ mi.

Àwọn ọmọ Thiaroye

Kí ẹ má bàa rò pé mo ń dẹ́rù bà yín lásán, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ní ẹ̀gbẹ́ Dakar, olú ìlú orílẹ̀-èdè náà, àdúgbò kan wà létí òkun tí à ń pè ní Thiaroye-sur-Mer. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn kan ti ń tú bátìrì ọkọ̀ àlòkù níbẹ̀ láti yọ òjé inú rẹ̀ tà. Èyí tí ó jábọ́ nínú iṣẹ́ náà dàpọ̀ mọ́ iyanrìn àdúgbò. Nígbà tí owó òjé lọ sókè ní ọjà àgbáyé, àwọn ará ibẹ̀ rí i pé iyanrìn náà pàápàá ti di owó. Wọ́n ń wà á, wọ́n ń jọ̀ ọ́, wọ́n ń kó ohun tí ó ní òjé nínú sínú àpò láti tà. Eruku rẹ̀ wọ inú àgbàlá, ó sì wọ inú yàrá.

Láàrin oṣù Kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù Kẹta ọdún 2008, ọmọ kéékèèké 18 kú ní àdúgbò náà. Àìsàn tí ń dojú kọ ọpọlọ ni, ó sì ń yára ṣiṣẹ́. A kò kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti wá. Nígbà tí àwọn oníṣègùn àti Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn 81 wò níbẹ̀, àgbà àti ọmọdé, kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí òjé kò ti wọ̀ lára dé ìwọ̀n tí ó léwu.

Ẹ má ṣe yà sí i pé àwọn ọmọdé ni ó kọ́kọ́ kú. Ọmọ kékeré ń jókòó sí ilẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ohun gbogbo, ó sì ń fi ọwọ́ náà sí ẹnu. Nínú òjé tí ó bá gbé mì, èyí tí ara rẹ̀ ń gbà lè tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún èyí tí ara àgbàlagbà ń gbà. Bí òjé náà bá pọ̀, gìrì lè gbé ọmọ náà, ó sì lè kú. Bí ó bá kéré, ọmọ náà kò ní kú, ṣùgbọ́n ó lè máà le mọ̀wé bí ẹgbẹ́ rẹ̀, a ó sì máa pè é ní olódo láìmọ̀ pé a ti jí nǹkan nínú ọpọlọ rẹ̀. Òjé tún ń ti ara aboyún wọ inú ọmọ tí ó wà nínú oyún. Àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ta ni ó pa àwọn ọmọ wọ̀nyí? Ṣé àwọn òbí wọn ni? Ẹni tí ń jọ iyanrìn kí ó lè ra ìrẹsì fún ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ikú ni òun ń jọ̀. Oúnjẹ ọmọ náà gan-an ni ó ń wá. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti na ìka sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ronú lórí gbogbo ẹni tí bátìrì rẹ̀ kú láàrin ọdún wọ̀nyẹn, tí ó gbé e fún ẹni tí ń ra irin àlòkù, tí kò sì béèrè ibi tí ó ń gbé e lọ. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn lè sọ pé, “Bátìrì kan ṣoṣo ni tèmi.” Òótọ́ ni. Báyìí ni bátìrì kan ṣoṣo àti bátìrì kan ṣoṣo ṣe kún ilẹ̀ àdúgbò kan, títí ilẹ̀ náà fi ń pa ọmọ.

Oògùn òwú ní àríwá orílẹ̀-èdè wa

Kò yẹ kí á ro pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1999, ní àgbègbè òwú ní àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a fún àwọn àgbẹ̀ ní oògùn kan tí ń jẹ́ endosulfan, nítorí pé kòkòrò tí ń jẹ èso òwú kò kú mọ́ lọ́wọ́ oògùn ti tẹ́lẹ̀. Ní àkókò òwú ọdún náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba, ó kéré tán ènìyàn 37 ni oògùn náà pa ní Borgou.

Ọ̀kan nínú ìtàn wọn nìyí. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ń ro oko òwú bàbá wọn, níbi tí àgbàdo wà láàrin òwú. A ti fọ́n oògùn sí oko náà ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀. Nígbà tí ebi pa wọ́n, wọ́n ya àgbàdo jẹ. Kò pẹ́ tí èébì fi bẹ̀rẹ̀. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kú. Àwọn ẹlòmíràn kú nítorí ohun jíjẹ tàbí mímu tí a fi sínú ìgò tí oògùn ti wà rí. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bára wọn dá májẹ̀mú Stockholm pinnu pé kí á mú endosulfan kúrò nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ìpinnu náà dára, ṣùgbọ́n kò jí ẹnikẹ́ni dìde.

Ẹ kíyè sí i pé bàbá kan kò fọ́n oògùn sí oko láti pa ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fọ ìgò oògùn kí ó lè fi gbé omi lọ sí oko kò fẹ́ pa ara rẹ̀. Ìgò náà lẹ́wà, ó le, ó sì ní ìdérí. Ẹni tí kò ní owó ń rò pé ohun rere ni òun rí. Ṣùgbọ́n oró kì í wo ojú ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ìwà ìbìkítà fi jẹ́ ojúṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ mú oró náà lọ́wọ́, kì í ṣe ti ẹni tí yóò rí i he lẹ́yìn rẹ̀.

Kòtò tí a kò bò

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè wa. Nínú Ìwé Ẹ́ksódù, orí 21, a rí òfin kan tí ó jọ pé kò kàn wá rárá. Bí ẹnìkan bá gbẹ́ kòtò tí kò sì bò ó, tí màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹlòmíràn já sínú rẹ̀, ẹni tí ó ni kòtò náà ni yóò san án. Òfin náà kò béèrè bóyá ó kórìíra ẹni tí ó ni màlúù. Kò béèrè bóyá ó mọ̀ pé màlúù yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: ta ni ó gbẹ́ ẹ, kí ló dé tí kò bò ó? Bákan náà ni Ìwé Diutarónómì, orí 22, pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé ṣe ìgbátí sí orí òrùlé rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá já bọ́ má bàa wà lórí ilé náà. Ní orí 23, ó tilẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bí wọn yóò ṣe fi ohun ìwalẹ̀ bo ìgbẹ́ wọn ní ẹ̀yìn ibùdó. Ọlọ́run kò ka ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí sí ohun tí ó kéré jù fún òfin rẹ̀.

Kí ni a rí kọ́? Pé ẹni tí ó bá fi ewu sí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà ní ojúṣe lórí ewu náà, yálà ó rí ẹni tí ń bọ̀ tàbí kò rí i. Ìgò oògùn tí a jù sí etí odò jẹ́ kòtò tí a kò bò. Bátìrì tí a fọ́ sí àgbàlá jẹ́ kòtò tí a kò bò, ó sì burú ju kòtò lọ, nítorí a kò lè fi ojú rí i.

Nípa àìmọ̀, ẹ jẹ́ kí á pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ni Ìjọ ti máa ń ṣe. Èkíní ni àìmọ̀ ẹni tí kò ní ọ̀nà kankan láti mọ̀, bí àwọn òbí Thiaroye. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Èkejì ni àìmọ̀ ẹni tí ó lè béèrè ṣùgbọ́n tí kò bìkítà láti béèrè. Ó jẹ̀bi dé ìwọ̀n àìbìkítà rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àìmọ̀ ẹni tí ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ di etí, tí ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Má sọ fún mi, kí n má bàa ní láti yí padà.” Èyí kì í ṣe àìmọ̀ rárá, ìmọ̀ tí ó wọ aṣọ àìmọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ojú ìwé yìí dé ìhín kò lè sọ mọ́ pé inú àìmọ̀ èkíní ni ẹ wà.

Òfin karùn-ún wí pé a kò gbọ́dọ̀ pànìyàn, ó sì kan ẹni tí ó fi ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ̀ wewu láìnídìí. Òfin keje wí pé a kò gbọ́dọ̀ jalè. Lábẹ́ òfin keje yìí ni Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì, tí a gbé jáde ní ọdún 1992, fi ọ̀rọ̀ títọ́jú ohun tí Ọlọ́run dá sí, ní nọ́ńbà 2415. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ó ba omi kànga jẹ́ ti jí omi àwọn tí yóò pọn ní ọ̀la, kò sì sí bí àwọn yẹn yóò ṣe pè é lẹ́jọ́. Níhìn-ín ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní Ouidah, ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ni Póòpù Benedict XVI fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀ Africae Munus, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ lórí àwọn tí ń ba ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ fún èrè. Ní ọdún 2015, Póòpù Francis fi odindi lẹ́tà kan, Laudato Si’, sọ̀rọ̀ lórí ayé gẹ́gẹ́ bí ilé tí gbogbo wa jọ ń gbé.

Àwọn bàbá wa pàápàá mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹni tí ó da májẹ̀mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀dàlẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu lórí rẹ̀, ni ó dà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu da ọ̀rẹ́, kí ni a ó pe ẹni tí ó fi májèlé bọ́ ilẹ̀ náà?

Àwíjàre méjì

Àwíjàre kìíní ni pé, “Àwọn olówó ni ó ń ba ayé jẹ́, tèmi kò tó nǹkan.” A kò lè sọ pé irọ́ ni apá kìíní ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ọkọ̀ ojú omi Probo Koala, tí ilé iṣẹ́ Trafigura háyà, gbé ìdọ̀tí olóró dé Abidjan ní Côte d’Ivoire. Ilé iṣẹ́ kan ní ìlú náà gbà á, ó sì lọ dà á sí ibi púpọ̀ káàkiri ìlú. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tí ó wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn. Ìjọba ibẹ̀ kéde pé ó kéré tán ènìyàn 15 kú. Ní ọdún 2007, Trafigura san owó ńlá fún ìjọba Côte d’Ivoire, ṣùgbọ́n kò gbà pé òun jẹ̀bi.

Síwájú èyí, ní ọdún 1988, a rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì ní Koko, ìlú èbúté kan ní gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún kan náà, àdéhùn láti kó ìdọ̀tí olóró òkèèrè wá sí orílẹ̀-èdè tiwa náà di mímọ̀. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni pé, nígbà tí a kọ Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1990, a fi sí ẹ̀ka 29 rẹ̀ pé ẹni tí ó bá kó ìdọ̀tí olóró òkèèrè wọlé, tàbí tí ó rì í mọ́ ilẹ̀ wa, ti dá ọ̀ràn sí orílẹ̀-èdè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn Koko dáadáa. Àwọn àgbá náà kò wà nínú igbó ọba. Inú ọgbà ilé ẹnìkan, ará ìlú bí èmi àti ẹ̀yin, ni wọ́n wà, a sì ń san owó ilẹ̀ fún un lóṣooṣù. Oró àwọn ńlá kò lè wọ ìlú láìjẹ́ pé ẹnìkan tí kò lọ́rọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn fún un, tí kò sì béèrè ohun tí ó wà nínú àgbá. Ẹni tí ó ti kọ́ ara rẹ̀ láti béèrè nípa ìgò kan yóò béèrè nípa àgbá pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ọmọ tí ó bá mu omi tí ó lóró kò ní mọ̀ bóyá láti ọwọ́ olówó ni ó ti wá tàbí láti ọwọ́ aládùúgbò.

Àwíjàre kejì ni èyí tí ó wúwo jù: “A kò ní ibi tí a ó kó o sí.” Òtítọ́ ni èyí fún ọ̀pọ̀ abúlé wa. Bí a bá sun ún, èéfín rẹ̀ burú. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀, omi ìsàlẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Bí a bá jù ú sí ṣáláńgá, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi pé kò ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìwà rere kọ́ wa pé nígbà tí ire pípé kò bá sí ní àrọ́wọ́tó, ojúṣe wa kò tán. Ó di ojúṣe láti yan èyí tí ìpalára rẹ̀ kéré jù, kí á sì máa wá èyí tí ó sàn.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa

Ìlànà kan wà tí ó rọrùn láti rántí: ohun tí a kó jọ ṣeé gbé, ohun tí a tú ká kò ṣeé kó mọ́.

Ẹ kó òkúta tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì kéékèèké tí ó ti kú sínú ike kan tí ó ní ìdérí, kí ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ẹ má ṣe jù wọ́n sí iná, sí ṣáláńgá tàbí sí kànga.

Ẹ má ṣe fọ́ bátìrì ọkọ̀ tàbí ti alùpùpù, ẹ má sì ṣe da omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé e lódindi padà fún ẹni tí ó ń ta tuntun, kí ẹ sì béèrè ibi tí yóò gbé e lọ. Ìbéèrè náà nìkan ti tó láti mú kí ó ronú.

Ẹ má ṣe bu oògùn kòkòrò tàbí epo sínú ìgò ohun mímu láéláé. Ẹ má ṣe ra oògùn tí a bù sínú ìgò tí kò ní orúkọ lára. Nígbà tí gálọ́ọ̀nù oògùn bá tán, ẹ fi omi ṣan inú rẹ̀ nígbà mẹ́ta, kí ẹ da omi náà padà sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ́n ọn, kí ẹ sì fọ́n ọn sí oko tí oògùn náà wà fún. Lẹ́yìn náà ẹ lu gálọ́ọ̀nù náà ní ihò, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè fi pọn omi. Aṣọ tí a wọ̀ fọ́n oògùn, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, jìnnà sí kànga.

Epo dúdú inú ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ike ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kí ó má ṣe lọ sí gọ́tà. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ dá a padà sí ilé ìwòsàn tàbí ilé ìtajà oògùn.

N kò ní tàn yín. Ike kan tí ó kún fún bátìrì tí ó ti kú lábẹ́ òrùlé kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ìdílé kan kò lè dá parí rẹ̀. Ẹ̀ka 27 Òfin Ìpìlẹ̀ wa sọ pé olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tí ó mọ́, ó sì ní ojúṣe láti dáàbò bò ó. Òfin àyíká tí a ṣe ní ọdún 1999 sì tún ọ̀rọ̀ náà là. Nítorí náà, kí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀, àwọn mẹkáníìkì, àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn ìjọ jọ lọ bá Mérì, kí wọ́n béèrè ibì kan tí a ó máa kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sí, àti ọkọ̀ tí yóò máa gbé wọn lọ síbi tí a ti mọ ohun tí a ń fi wọ́n ṣe. Ẹni tí ó bá lọ pẹ̀lú ike mẹ́wàá tí ó kún lọ́wọ́ yóò sọ̀rọ̀ ju ẹni tí ó lọ pẹ̀lú ẹnu lásán.

Ẹ̀yin ará, ní ọjọ́ Ìrìbọmi yín, a ó béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ó dáhùn ní gbangba níwájú ìjọ. Ẹ rántí nígbà náà pé púpọ̀ nínú ibi tí à ń kọ̀ sílẹ̀ kì í wá pẹ̀lú ariwo. Ó máa ń wà nínú ohun kékeré tí ọwọ́ jù nígbà tí ojú kò wo ibi tí ó bọ́ sí.

Fún àṣàrò nínú ẹgbẹ́

1. Kí ni àwọn ohun olóró tí ó wà nínú ilé yín lónìí? Ibo ni ẹ ti ń dà wọ́n sí tẹ́lẹ̀?

2. Nínú ọ̀nà àìmọ̀ mẹ́ta tí a sọ, èwo ni ó sábà máa ń wà láàrin wa? Kí ni a lè ṣe láti jáde kúrò nínú rẹ̀?

3. Báwo ni òfin kòtò inú Ìwé Ẹ́ksódù ṣe kan àgbẹ̀, mẹkáníìkì àti ìyá ọlọ́jà?

4. Ta ni ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ ilé yín? Ǹjẹ́ ẹ mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀?